Ẹ Jẹ́ Kí Okùn Ẹgbẹ́ Pólì Ìlaròó Kan Ojú Ọjà

Ẹ bi ẹni tó ka ẹ̀kọ́ okòwò jáde ní Pólì Ìlaròó ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn pé kí ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú gbogbo ohun tí wọ́n fún un níbẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni yóò máa kà fún yín. Lágbájá tí wọ́n jọ gba yàrá kan ní Òkè-Ẹlà ló mú un wọ báǹkì. Làmọ̀rín tó máa ń yá a ní ìwé ìṣirò owó ló ta á lólobó pé ilé iṣẹ́ kan ń gba ènìyàn ní Àpápá. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, kíláàsì àwọn tó ń ka máákẹ́tìn ló ti rí i. Ìwé ẹ̀rí ti ń pọ́n nínú fáìlì, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣì wà lórí WhatsApp títí dòní: wọ́n ń dáwó ìsìnkú, wọ́n ń yan aṣọ ẹbí, wọ́n ń wá iṣẹ́ fún ọmọ ara wọn.

Mo gbà pé ohun tó tóbi jù lọ tí ilé ẹ̀kọ́ okòwò ń fún ọmọ nìyẹn, inú mi sì ń dùn sí i. Ohun tó ń dùn mí ni pé Ìlaròó ni okùn ẹgbẹ́ yìí ti gbéra, Èkó ló lọ so mọ́. Ìyá tó ń ta gàrí lẹ́yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà kò rí i dì mú.

Ọdún 1979 ni ìjọba àpapọ̀ dá Pólì náà sílẹ̀. Ẹ̀gbádò làwa ará àgbègbè náà ń jẹ́ nígbà náà. 1995 la di Yewá. Ìlú oníkòkó àti olóbì ni Ìlaròó, ojú irin Ìdógò ló gba ibẹ̀ kọjá. Bí Pólì ṣe dé, àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ yàrá fún akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ Ẹdó àti ọmọ Ìgbò sì ń gbọ́ èdè wa. Ilẹ̀ Yewá ti mọ irú àlejò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1963, Ayétòrò ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ilé ẹ̀kọ́ Comprehensive sí, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Harvard. Èrò wọn ni pé kí ẹ̀kọ́ ìwé, iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹ̀kọ́ okòwò jọ wà nínú ọgbà kan ṣoṣo, kí ọmọ tó fẹ́ di dókítà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé owó, kí ọmọ tí yóò di akọ̀wé sì ti di ọkọ́ mú rí. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà tó ti ibẹ̀ jáde, ẹ óò rí i pé sẹ́ẹ̀tì wọn ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ ayé wọn.

Harvard kan náà yìí ní ilé ẹ̀kọ́ okòwò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1908, wọn kò sì fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ṣeré níbẹ̀. Bí ọmọ tuntun bá dé, wọ́n á pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, bí i 90 ènìyàn nínú ọ̀wọ́ kan, gbogbo wọn á sì jọ gba ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́ pọ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Ìtàn ilé iṣẹ́ tó wà láyé ni wọ́n fi ń kọ́ wọn: ọ̀gá kan kó sí wàhálà báyìí báyìí, ìwọ ìbá ṣe kí ni? Wọ́n á jọ jiyàn lé e lórí títí. Ọ̀nà yìí náà ni Lagos Business School, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ń tọ̀. Ìjiyàn yẹn ló ń sọ àjèjì di ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ yẹn ló sì ń di alábàáṣòwò lẹ́yìn ọ̀la.

Àwọn ọmọ tiwa kò ní owó tí wọ́n ń san ní Harvard, ṣùgbọ́n ìyà ti so wọ́n pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlànà iṣẹ́ ìjọba ni pé ìpele 08 ni oní-dìgírì yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí oní-HND ti pólì bẹ̀rẹ̀ ní 07, kó má sì kọjá 14. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ ju ọ̀gá rẹ̀ lọ á wà nísàlẹ̀ nítorí orúkọ tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ń jẹ́. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kóra jọ, wọ́n kọjú sí ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1965, àwọn mìíràn gba ọ̀dọ̀ ANAN, ẹgbẹ́ oníṣirò owó kejì, lọ. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń pàdé. Ẹni tó mọ owó orí á kọ́ ẹni tó mọ ọ́díìtì, ẹni tó ti yege á fi ìwé sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Chukwuma Soludo, tó jẹ́ gómìnà Báǹkì Àpapọ̀, kéde pé báǹkì tó bá fẹ́ máa wà gbọ́dọ̀ ní owó ìdókòwò bílíọ̀nù 25 náírà, nígbà tó jẹ́ pé bílíọ̀nù 2 ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀. Nígbà tí gbèdéke fi pé ní ìparí 2005, báǹkì 89 ti di 25. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wá oníbàárà kiri fún báǹkì ló pàdánù iṣẹ́ lásìkò náà. Àwọn tó tètè rí ibòmíràn wọ̀ nínú wọn, ọmọ kíláàsì wọn ló pè wọ́n lórí fóònù.

Okùn náà yi, kò sí àní-àní. Ibi tí a ti lè mú un wọ ọjà ni ọdún kan tó wà láàárín ND àti HND. Gbogbo ẹni tó bá lọ sí pólì ló mọ̀ ọ́n: ọdún méjì fún ND, ọdún kan fún IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níta, ọdún méjì mìíràn fún HND. Ọdún àárín yẹn ló ń pinnu ohun tí ọmọ máa dà. Èkó ni ọ̀pọ̀ ń sá lọ, tàbí Ọ̀tà, tàbí Abẹ́òkúta. Ẹni orí bá ṣe lóore á wọ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote tí wọ́n ṣí ní Ìbèsè ní 2012. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ni wọ́n ń rán níṣẹ́ búrẹ́dì àti fótókọ́pì fún odindi ọdún, tí ọ̀gá á wá fọwọ́ sí ìwé wọn pé wọ́n kọ́ṣẹ́.

Mo mọ ọmọbìnrin kan, ọmọ Èkìtì, tí kò rí ibi kankan wọ̀ l'Ékòó. Bí ó ṣe bọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin onígàrí ní ìlú kan níbí nìyẹn. Ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni akọ̀wé wọn ń kọ nǹkan sí: owó ìfipamọ́, owó èlé, owó tí wọ́n yá Ìyá Báyìí, owó dísù ẹ̀rọ ìlọgbàágùúdá, gbogbo rẹ̀ lójú ewé kan náà. Káàdì àjọ wà lọ́wọ́ olúkúlùkù pẹ̀lú, àpótí 31, tí alájọ máa ń mú owó ọjọ́ kan nínú rẹ̀. Ọmọ náà kò sọ pé kí wọ́n sọ káàdì nù. Ó jókòó, ó fa ilà, ó ya owó ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọjà, ó sì ń kọ iye lítà dísù tí ẹ̀rọ ń mu lójoojúmọ́ sí etí ewé. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ẹ̀rọ ń mu owó tí wọ́n rò pé èrè ni. Wọ́n fi kún owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé ẹ̀gẹ́ wá láti ìta. Báǹkì kékeré kan ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bí wọ́n bá fẹ́ yáwó. Aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó rẹ̀ l'Ékìtì. Ìyàlóde wọn ṣì ń pè é ní "ọmọ mi oníwèé".

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí á máa rí lọ́dọọdún. Ìjọba àpapọ̀, láti ọwọ́ àjọ NBTE, ló ń là á kalẹ̀ fún gbogbo pólì ohun tí wọn yóò máa kọ́ ọmọ, èyí kò sí lọ́wọ́ Ìlaròó nìkan. Ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ ti lọ ṣe IT àti ohun tó kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lé lórí, ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde lè lọ́wọ́ sí i. Ó rọrùn fún ọmọ láti kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí báǹkì ńlá kan l'Ékòó, torí àkọsílẹ̀ wà nílẹ̀ tí yóò wò.

Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí wọ́n kọ sílẹ̀ wà nítòsí. Ẹ wo ibodè tó wà lẹ́bàá wa. Ní oṣù Kẹjọ 2019, ìjọba ti gbogbo ibodè orí ilẹ̀ pa. Nígbà tí wọ́n ṣí díẹ̀ lára wọn ní oṣù Kejìlá 2020, Ìdí-Ìrókò tiwa kò sí nínú rẹ̀, àfìgbà tó di oṣù Kẹrin 2022. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n fòfin dè é pé kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù wá sí ibi tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ibodè. Àwọn tó ń ṣòwò tó mọ́ jẹ ìyà pẹ̀lú àwọn onífàyàwọ́. Ìyá tó ń kó tòmátò láti Kútọnu, ọkùnrin tó ń gbé obì lọ sí Ṣàkẹ́tẹ́, báwo ni wọ́n ṣe yè é? Ta ni wọ́n yáwó lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ló jẹ gbèsè kú? Harvard ìbá ti sọ ìyẹn di ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ọ̀dọ̀ wa, ẹnu àwọn tó jìyà náà ló wà, wọ́n sì ń dàgbà.

Bí ẹ bá ré ibodè kọjá sí orílẹ̀-èdè Benin, ní Pọbẹ̀, ní Kétu, èdè wa ni wọ́n ń sọ. Àmọ́ sẹfá ni owó wọn, owó yúrò ni wọ́n so sẹfá mọ́, òfin okòwò OHADA tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹwàá 1993 ni ilé iṣẹ́ wọn ń tẹ̀ lé, ìlànà ìṣirò owó wọn sì yàtọ̀ sí tiwa. Láti oṣù Kìíní 2021 ni òwò ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àdéhùn ọjà kan ṣoṣo fún gbogbo Áfíríkà. Ọmọ tó ka ìṣirò owó nítòsí ibodè báyìí, tó gbọ́ Yorùbá, tó sì lè ka ìwé owó àwọn apá Faransé, kò ní wáṣẹ́ kiri. Oníṣòwò ìhà méjèèjì ni yóò máa wá a.

Àwọn kan á ní ibi tí owó bá wà ni ọmọ okòwò ń lọ. Òótọ́ ni, mi ò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni di ọmọ mọ́lẹ̀ sí Yewá. Ẹni tó bá rí Lọ́ńdọ̀nù lọ, kó máa lọ. Ọdún kan péré ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, ọdún tí ọ̀pọ̀ ń fi ra búrẹ́dì fún ọ̀gá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, mo mọ̀ pé ẹ ti ń kun ilé, ẹ ń ra àga, ẹ sì ń dá ẹ̀bùn fún ọmọ tó bá gbégbá orókè. A dúpẹ́. Ní àsìkò ọdún Orónnà ti Ìlaròó tó ń bọ̀, tí púpọ̀ nínú yín yóò wálé, ẹ mú ọ̀rọ̀ IT sí ìpàdé sẹ́ẹ̀tì yín kí ẹ tó dé orí aṣọ ẹbí. Kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan wá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, ní Ìlaròó, ní Ayétòrò, ní Ìmẹ̀kọ tàbí Ìdí-Ìrókò, tí yóò gba ọmọ kan fún ọdún kan. Kí ẹ jọ dá owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ọmọ náà, kí oníṣirò owó kan nínú yín sì máa yẹ ìwé rẹ̀ wò lóṣooṣù, orí fóònù ti tó fún ìyẹn. Ẹni tó bá ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ nínú yín, kó kọ orúkọ rẹ̀ àti iye ọmọ tó lè gbà sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kó tó kúrò nípàdé.