Ká Béèrè Ni, àbí Ká Dúró?

Obìnrin kan gba yàrá nínú ilé tí ẹ ń gbé ní Agric, ní Ìkòròdú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti lọ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Mile 12. Nígbà tó bá fi máa dé, ilẹ̀ ti ṣú. Oṣù mẹ́fà kọjá, ohun kan ṣoṣo tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni "A dúpẹ́". Ó wù yín kí ẹ mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé kí ẹ bi í ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni, àbí kí ẹ dúró títí yóò fi sọ ọ́ fúnra rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ká béèrè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní àwọn ìtún àtijọ́ ní Ìkòròdú, bí Ìsẹ̀lẹ̀ àti Ìjòmù, àgbà tó bá rí ojú tuntun á bi í pé, "Ọmọ ilé wo ni ọ́?" Ìbéèrè yẹn ń wá àyè fún àlejò. Bó bá dárúkọ ilé, ẹnì kan lè rántí bàbá rẹ̀ àgbà, kó sì kì í. Ẹni tí a kò bi ní ohunkóhun lè máa rò pé bí òun kú, bí òun yè, kò kan ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ ìbéèrè náà rọrùn fún ẹni tó nílé nítòsí láti dárúkọ. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá yálé gbé kò ní ìdáhùn tí ẹnikẹ́ni máa dá mọ̀. Ẹ tún wo "Ọmọ mélòó lẹ bí?", tí a ń fi ẹnu fẹ́ẹ́rẹ́ béèrè nídìí omi. Ó lè bá obìnrin tó sin ọmọ lọ́dún tó kọjá. Bí ẹni tó bi í bá sì jù ú lọ lọ́jọ́ orí, kò lè sọ pé òun kò ní dáhùn. Yóò wá èsì tó máa fi bo ara rẹ̀, a ó sì lọ sọ pé a ti mọ̀ ọ́n.

Ìkíni wà láàárín méjèèjì. "Ẹ kú ìrìn", "ẹ kú ewu ọmọ", "ẹ kú ìrọ́jú": ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ fún ẹni náà pé a rí ipò tó wà, láìbi í ní nǹkan kan. Mi ò mọ ohun tó tún fi ọ̀wọ̀ hàn tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìkíni náà lè di ìdérí: a kí, ó dúpẹ́, oníkálukú wọlé lọ, ọ̀rọ̀ sì wà nísàlẹ̀ ìkòkò.

Ìlú Ẹ̀pẹ́ fún wa ní àpẹẹrẹ tí ìhà méjèèjì lè dì mú. Ní 1851, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá kúrò, wọ́n sì wá tẹ̀dó sáàárín àwọn Ìjẹ̀bú ní Ẹ̀pẹ́. Ọba náà padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá a wá kò padà. Títí dòní, a ṣì ń pe Èkó-Ẹ̀pẹ́ lọ́tọ̀, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ lọ́tọ̀. Ẹni tó fẹ́ ká béèrè lè ní gbígbé pọ̀ nìkan kò tó. Ẹni tó fẹ́ ká dúró lè tọ́ka sí Káyókáyó, ọdún tí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bí wọ́n ṣe dé: onítàn ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀ níbẹ̀, lọ́jọ́ ọdún tirẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbé mi síwá sẹ́yìn. Fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, màá dúró. Fún ayálégbé tuntun yìí, màá béèrè, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ni màá bi í: "Báwo lọ̀nà ṣe rí lónìí?" Ó lè fi "A dúpẹ́" dá mi lóhùn kó sì wọlé, kò ní tì í lójú. Bí ó bá dúró, màá gbé àpótí sún mọ́ ọn, n ò sì ní tètè sọ pé ó yé mi.