Ohun Tuntun Tí Kò Ṣe É Gbẹ́kẹ̀ Lé

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ bí ó ti ń rí nígbà tí oníbàárà bá gbé ọjà padà wá tí ó ní, "Tuntun ni mo rà á, kò sì ṣiṣẹ́." Kí ni ó yẹ kí ẹni tí ó ṣe ọjà náà ṣe? Ìtàn ìbọn kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni n ó fi dáhùn.

Ní ọdún 1836, Samuel Colt gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba fún ìbọn ìléwọ́ tí ó ní àgbá kékeré oníhò márùn-ún. Lẹ́yìn tí a bá yin ọta kan, bí a bá fa òòlù ìbọn náà sẹ́yìn, àgbá náà yóò yí, òmíràn yóò sì bọ́ sí ipò. Ṣùgbọ́n ọjà kò tà, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Paterson sì kógbá sílé ní 1842. Ogun Amẹ́ríkà pẹ̀lú Mẹ́síkò ni ó tún gbé e dìde. Ọ̀gágun Samuel Walker, tí ó ti bá àwọn ẹ̀ṣọ́ Texas jagun, bá a gbìmọ̀ lórí ìbọn tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1847 ìjọba gba 1,000 nínú rẹ̀. Ọta mẹ́fà ni ó ń gbà, ìwúwo rẹ̀ sì tó pọ́n-ùn mẹ́rin ààbọ̀.

Ìbọn náà lágbára, ṣùgbọ́n àléébù méjì ni ó ní. Èkíní, ihò kọ̀ọ̀kan ń gba ẹ̀tù tó ìwọ̀n gíréènì 60, irin àgbá náà kò sì le tó láti gbà á, nítorí náà òmíràn bẹ́ mọ́ ọmọ ogun lọ́wọ́. Èkejì, ọ̀pá tí a fi ń kì í wà lábẹ́ ẹnu ìbọn. Bí ìbọn bá ti dún, ọ̀pá náà a já wálẹ̀, a sì dá àgbá dúró. Ọ̀tá ń bọ̀ níwájú, ìbọn kò yí mọ́!

Kí ni àwọn ọmọ ogun ṣe? Wọ́n fi ọ̀já awọ so ọ̀pá náà mọ́ ẹnu ìbọn. N kò bá wọn wí. Ohun tí ó bá wà nítòsí ni ẹni tí ó wà nínú ewu ń mú lò. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ọ̀já kò lè ní kí àgbá má bẹ́.

Wọ́n ní àwọn kan ń rọ ẹ̀tù jù, pé àwọn mìíràn sì ń fi orí ọta sí ibi ìdí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Colt kò fi ìkìlọ̀ nìkan ṣe àtúnṣe. Nínú ìbọn tí ó ṣe tẹ̀ lé e ní 1848, ó gé àgbá kúrú, tí ẹ̀tù inú ihò kò fi ju nǹkan bíi gíréènì 50 lọ. Ẹni tí ó fẹ́ rọ ọ́ jù kò ní rí ibi rọ ọ́ sí. Ó sì fi ìkọ́ sí orí ọ̀pá náà kí ó má baà já mọ́. Walker kò rí àtúnṣe yìí. Ó ti kú sójú ogun ní Huamantla ní oṣù kẹwàá 1847. Ní ti Colt, nígbà tí ó kú ní 1862, ó wà lára àwọn ọlọ́rọ̀ jùlọ ní ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, bí ẹ̀rọ ìránṣọ kan bá padà wá, ẹ bi oníbàárà bí ó ti lò ó. Bí mẹ́wàá bá padà wá pẹ̀lú àléébù kan náà, ọjà ni ó ṣẹ̀; ẹ má fi okùn so ó tà fún ẹlòmíràn. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tí ó kó o wá. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọ kan bá kùnà ìṣirò, ẹ wo ọmọ náà. Bí ìdajì kíláàsì bá kùnà, ẹ jẹ́ kí á wo bí a ti kọ́ wọn kí á tó na ẹnikẹ́ni.

Àgbà tí kò bínú ni ọmọ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ó gbọ́ ẹ̀sùn ọjà rẹ̀ láìbínú, tí ó sì tún un ṣe láti ìdí, òun ni oníbàárà ń padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.