Iná Wo Ni Ẹsẹ̀ Ń Tẹ̀?

Awakọ̀ tí ó bá fẹ́ kí ọkọ̀ òun sáré, iná ni Yorùbá ní kí ó tẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu, kò sì sí ẹni tí ó ń ṣì í gbọ́. Ìgbà ọkọ̀ oníwáyà ni ó ti bẹ̀rẹ̀: ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì, pẹ́dàlì fa wáyà, wáyà ṣí ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ sì ta síwájú. Láti àtẹ́lẹsẹ̀ awakọ̀ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, orúkọ kan sì tó o.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ọ̀kan mọ́. Ọkọ̀ BMW 750i tí ó jáde ní ilẹ̀ Jámánì ní 1987 wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ pa wáyà náà tì. Chevrolet Corvette tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1997 kò ní i pẹ̀lú. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kì í ṣí ilẹ̀kùn kankan. Òṣùwọ̀n tí ó wà ní ìdí pẹ́dàlì ni ó ń wo bí ẹsẹ̀ ti wọlé tó, tí ó sì ń fi mànàmáná ròyìn rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ti sọ ní ọpọlọ ọkọ̀. Ọpọlọ á rò ó, á pàṣẹ, ẹ̀rọ kékeré tí ó wà lára ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ á sì ṣí i níwọ̀n tí ọpọlọ fẹ́. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ: bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọpọlọ ọkọ̀ ń ṣe sí iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ rán an.

Nítorí náà, "tẹná" kò lè dá ru ẹrù yìí mọ́ nínú ìwé ẹ̀kọ́. Kí a sì kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní àkọtọ́ Yorùbá, bí àwọn atúmọ̀ èdè kan ti fẹ́ràn láti ṣe, kò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ẹni tí ó bá há "àsẹ̀lẹ̀rétọ̀ pẹ́dàlì pòsíṣọ̀n sẹ́ńsọ̀" sórí lè kà á láìṣì, kí ó má sì mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ kàn.

Ibi tí àìtó ọ̀rọ̀ yìí ti ń hàn jù lọ ni ara ọkọ̀ tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ní ilé. Àṣà náà ti lágbára ní Bìrìtéènì láti ìgbà tí Lotus Seven ti jáde ní 1957, tí ọ̀pọ̀ olùrà sì gbà á ní wẹ́wẹ́ láti tò ó fúnra wọn. Ó lágbára ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, níbi tí ẹ́ńjìnnì LS, irú èyí tí ó wà nínú Corvette 1997, ti jẹ́ ààyò ọ̀pọ̀ wọn. Atòkọ̀ lè ra ẹ́ńjìnnì lára ọkọ̀ kan, kí ó ra pẹ́dàlì lára òmíràn, kí ó sì gba ọpọlọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó tò ó tán, ó tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì ń ronú kí ó tó dáhùn. Bí ó bá jẹ́ pé "iná kò wọlé dáadáa" nìkan ni ó mọ̀ ọ́n sọ, ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ni yóò kọ́kọ́ pààrọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni "iná" ń gbà wọlé lójú tirẹ̀. Owó ńlá lè ti bọ́ sọnù kí ó tó mọ̀ pé pẹ́dàlì ni kò sọ̀rọ̀ re.

Ọ̀nà àbáyọ kò ṣòro. Ẹ̀rọ tí ó ń ka inú ọpọlọ máa ń fi iye mẹ́ta hàn, ó sì yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀: ìbéèrè ẹsẹ̀, àṣẹ ọpọlọ, àti ìṣísílẹ̀ ilẹ̀kùn. Kí a rọra tẹ pẹ́dàlì láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ìbéèrè gun òkè láti 0 dé ìtòsí 100 láìfò. Bí ó bá dúró ní 80, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ ọkọ̀ tàbí kápẹ́ẹ̀tì ni ó gba ọ̀nà mọ́ pẹ́dàlì lọ́wọ́, èyí tí kì í ṣe àjèjì nínú ọkọ̀ tí onílé fúnra rẹ̀ jó irin ilẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń fò, wáyà ni kí a wò: bóyá èyí tí ó yẹ kí ó kan irin ara ọkọ̀ jókòó lórí ọ̀dà, bóyá wọ́n sì gbé wáyà òṣùwọ̀n gba ẹ̀gbẹ́ wáyà tí ń tanná sí pọ́lọ́ọ̀gì. Bí ìbéèrè bá gún régé tí àṣẹ kò tẹ̀lé e, ètò tí a kọ sínú ọpọlọ ni ó ń fà á, tàbí kí ó jẹ́ pé ìdí bíréèkì ń parọ́ fún ọpọlọ pé ẹsẹ̀ wà lórí òun. Ìgbà tí àṣẹ bá dára tí ìṣísílẹ̀ kò bá a mu ni ọ̀rọ̀ tó kan ilẹ̀kùn.

Àwọn ohun èlò kan tún wà ní ọjà tí wọ́n ń so mọ́ àárín pẹ́dàlì àti ọpọlọ, tí àwọn tí ń tà wọ́n ń sọ pé ọkọ̀ yóò yá sí i. Ẹni tí ó bá gbà pé wọ́n ń "fi iná kún un" ti gbà pé agbára ẹ́ńjìnnì pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá ní wọ́n ń bù mọ́ ìbéèrè ẹsẹ̀ mọ ohun tí òun fi owó rà.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n pẹ́dàlì ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n náà kì í ṣe ẹyọ kan. Méjì ni ó wọ́pọ̀, Corvette 1997 tilẹ̀ ní mẹ́ta, èyí tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí kì í jẹ́ kí pẹ́dàlì ọkọ̀ kan bá ọpọlọ ọkọ̀ mìíràn mu. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fólítì 5 ni ọpọlọ ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí òṣùwọ̀n kejì ń dá padà sì máa ń jẹ́ ìdajì ti èkíní. Bí wọn kò bá bá ara wọn mu, ọpọlọ á dín ìṣísílẹ̀ kù, ọkọ̀ á sì máa wọ́ lọ. P2138 ni nọ́ńbà tí ó fi ń ròyìn ìyapa òṣùwọ̀n ẹsẹ̀; P2135 ni ti òṣùwọ̀n ilẹ̀kùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń pe méjèèjì ní "sẹ́ńsọ̀ iná" kò ní mọ èyí tí ọpọlọ ń wí.

Bí ìwé bá sì pe òṣùwọ̀n kejì ní "sẹ́ńsọ̀ kejì", yóò dà bí ìpààrọ̀, bíi táyà tí a gbé sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹni tí ó mọ mànàmáná díẹ̀ lè pín fólítì èkíní sí méjì, kí ó fi ìdajì rẹ̀ dípò ọ̀rọ̀ èkejì, kí iná ìkìlọ̀ lè kú. Láti ọjọ́ náà, bí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo bá ṣìwà hù, kò sí ohun tí yóò tú àṣírí rẹ̀. "Òṣùwọ̀n ẹlẹ́rìí" ni ó yẹ kí ó máa jẹ́. Yorùbá tí ó bá gbọ́ ẹlẹ́rìí kò nílò àlàyé gígùn lórí ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ pa á lẹ́nu mọ́.

Àwọn kan yóò ní mẹkáníìkì kò ní gba ọ̀rọ̀ tí a ṣe ní yunifásítì. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn mẹkáníìkì ni wọ́n fún wa ní "ọpọlọ", tí ó sàn ju "ẹ̀rọ aṣàkóso iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì" tí atúmọ̀ èdè ìbá gbé kalẹ̀. Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ìdí iṣẹ́ ọkọ̀ ni kò dé. Ní ìdí iṣẹ́ náà lónìí, ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ń wọ inú ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú pẹ́dàlì tí kì í ṣe tirẹ̀, bí ó ti ń rí lọ́dọ̀ àwọn atòkọ̀ Amẹ́ríkà. Tí ọ̀gá bá sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé "iná kò dé pẹ́dàlì", ṣé fólítì 5 ni kò dé ni, tàbí ọkọ̀ ni kò yá? Kí awakọ̀ máa tẹná rẹ̀ lọ. Nínú ìwé, mànàmáná nìkan ni kí iná máa jẹ́ ní ìdí pẹ́dàlì.

Ó ku orúkọ tí a ó pe àkókò tí ó wà láàárín ìbéèrè àti ìṣísílẹ̀. Àwọn kan ti dábàá "ìdádúró", ṣùgbọ́n ohun tí ó dá dúró kò lọ rárá. "Ìlọ́ra" ni ó sún mọ́ ọn jù: ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ọmọ tí ó gbọ́ iṣẹ́ tí a rán an, tí yóò sì jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n tí kò tètè dìde.