Irú Ìwé Aláwòrán Wo Ni Ká Rà fún Àwọn Ọmọ Wa?

Ní ìpàdé tó kọjá, a fẹnu kò pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ láti fi ra ìwé aláwòrán fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, láti ọmọ ọdún mẹ́ta títí dé àwọn tó wà ní ìwé kejì. Àwọn kan ní ká ṣáà ra èyí tí wọ́n ya ápù sí iwájú rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n ń tà káàkiri Lọ́kọ́jà. Èmi akọ̀wé yín kò fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ akápò.

Ọmọ tí kò tí ì mọ̀wé kà, àwòrán ni ó ń kà. Bí ó bá rí ewúrẹ́ tàbí ọkọ̀ ojú omi lórí Ọya, á ní ohun tó máa sọ, ọ̀rọ̀ á sì máa bí ọ̀rọ̀. Bí ó bá rí ère tí wọ́n fi yìnyín mọ, tí wọ́n fi kárọ́ọ̀tì ṣe imú fún, á wo ojú ìyá rẹ̀, ìyá náà á wo ojú olùkọ́. N kò sọ pé ohun tí ọmọ kò rí rí burú. Ta ló ti rí erin nínú igbó Agbaja nínú wa? Síbẹ̀ a mọ ìtàn erin, nítorí ó wà lẹ́nu àwọn ìyá wa. Ohun tí mo ń wò ni bóyá ẹnì kan wà nílé tó lè sọ ìtàn àwòrán náà.

Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa níbí kò mọ̀wé, wọ́n sì rò pé ìwé kì í ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n ìwé tí àwòrán rẹ̀ pọ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n lè ṣí i kí wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́ fún ọmọ. Ẹ gba ìwé kan yẹ̀ wò, Baby Goes to Market, tí Atinuke, obìnrin tí a bí ní Nàìjíríà, kọ ní ọdún 2017, tí Angela Brooksbank sì ya àwòrán rẹ̀. Ìyá pọn ọmọ lọ sọ́jà, ó ru agbọ̀n. Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ fún ọmọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́fà. Ọmọ jẹ ọ̀kan, ó ju márùn-ún sínú agbọ̀n. Ọlọ́sàn fún un ní márùn-ún. Ó jẹ ọ̀kan, ó ju mẹ́rin sí i. Ìyá kò fura rárá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́jà wo ni àwòrán yẹn kò ní yé? Ọmọ á sì ti kọ́ ìṣirò láìmọ̀. (Èmi tí mo ń tajà mọ̀ pé irú àwọn ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.)

Ẹ má ṣe bẹ̀rù pé Yorùbá á fa ọmọ sẹ́yìn. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fagi lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Iṣẹ́ wá kù sí ọwọ́ wa nílé.

Nípa rírà, ẹ jẹ́ ká ṣe bí ẹni tó ń ra aṣọ. Ẹ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá àwòrán nìkan lè sọ ìtàn. Ẹ fa ìdí ìwé náà: èyí tí wọ́n rán lágbára ju èyí tí wọ́n fi pín-ìnnì há lọ, ọmọ kì í sì í fi pín-ìnnì gún ọwọ́. Mẹ́wàá tó gbó sàn ju ogójì tí yóò ya kó tó di Kérésì.

Èmi yóò gbé ìwé mẹ́ta wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, a ó sì fi èyí tó ní ápù níwájú kún un. Kí àwọn ìyá mú àwọn ọmọ wá. Ẹ jẹ́ ká tẹ́ ìwé náà sórí ẹní, ká wo èyí tí wọn kò ní fẹ́ dá padà.