Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ: Ìwé Ẹ̀rí Tí Ẹlòmíràn Kò Lè Bá Ọmọ Gbà

Ìyá kan kọ̀wé sí wa láti Ìkòròdú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti jáde ní girama láti ọdún méjì sẹ́yìn, kò sì tíì ríṣẹ́. Alárinà kan wá ní òun yóò bá a gba CAPM, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ nínú ìṣàkóso iṣẹ́ àkànṣe, láìṣe ìdánwò kankan. Màmá fẹ́ kó owó tí wọ́n dá sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún un, owó tí wọ́n fẹ́ fi parí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń kọ́ sí Ẹ̀pẹ́.

Ẹ má kó o, Màmá.

Ìwé ẹ̀rí náà kì í ṣe ayédèrú o. Project Management Institute ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969, ni ó ń fúnni, láti 2003. Ẹni tí kò tíì ní ìrírí ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó ní dìgírì tó sì fẹ́ gba PMP, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbọ́dọ̀ ti darí iṣẹ́ àkànṣe fún oṣù 36. CAPM kò bèèrè ìyẹn. Kí ọmọ parí girama, kí ó sì gba ẹ̀kọ́ wákàtí 23, ó tó. Ṣùgbọ́n ìdánwò wà: ìbéèrè 150, wákàtí mẹ́ta. Ìbáà jẹ́ nílé ni ó ti ṣe é tàbí ní gbọ̀ngàn ìdánwò, wọ́n ń ṣọ́ ọ, káàdì ìdánimọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n sì ń wò. Níbo ni alárinà fẹ́ gbà wọlé?

Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́lé rí mọ̀ ọ́n. A ra sìmẹ́ńtì sílẹ̀, iyanrìn kò tíì dé. Òjò rọ̀, ọkọ̀ kò lè wọ ọ̀nà, sìmẹ́ńtì dì sínú àpò. Ẹ̀bi ta ni? Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ jókòó wo ohun tí yóò ṣáájú, èyí tí yóò tẹ̀lé e, ẹni tí yóò ṣe é, iye tí yóò ná wa, àti ohun tó lè dí wa lọ́wọ́. Láti 2023, ìdá 20 nínú 100 ìdánwò náà dá lórí ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú: kí a ṣe iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí a fi han oníṣẹ́, kí a tún un ṣe.

Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀pẹ́ yẹn gan-an ni kí ọmọ yìí fi kọ́ iṣẹ́. Kí ó mú ìwé àkọsílẹ̀ lọ síbẹ̀, kí ó máa kọ ọjọ́ tí bíríkìlà wá, iye búlọ́ọ̀kù tó dé, àti ìdí tí iṣẹ́ fi dúró.

A kò ní tan yín jẹ: CAPM nìkan kì í gbani síṣẹ́, kódà ní ilé ìfọ́ epo Dangote tí wọ́n ṣí ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, nítòsí Ẹ̀pẹ́, ní 2023. Ọdún mẹ́ta péré ni ó sì ń lò. Wákàtí 15 ẹ̀kọ́ mìíràn ni a fi ń sọ ọ́ dọ̀tun. Dọ́là ni owó ìdánwò, nítorí náà ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ san án. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni kí ọmọ ti forúkọ sílẹ̀, kí ó sì gba rìsíìtì ní orúkọ ara rẹ̀.