Béèsì Àlòkù àti Èrè Tí Kì Í Ṣe Èrè

Ohun tí a bá ti lò máa ń dínwó. Bí ọjà ṣe rí níbi púpọ̀ nìyẹn. Àmọ́ ní ìlú wa, jìtá béèsì tókunbọ̀ tí wọ́n rà ṣáájú June 2023, tó ti bá ẹni tó ni ín dé òde àríyá àti ìsọjí àṣemọ́jú láìmọye, tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó, lè pa iye tó ju owó tí wọ́n rà á lọ lónìí. Ẹni tó tà á á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á ní òun jèrè. N kò bá a dúpẹ́. Bí mo bá wo owó tó gbà, tí mo tún wo ohun tó gbé fún ẹlòmíràn, àdánù ni mo rí níbẹ̀.

Béèsì wà lóòótọ́ tí ọjọ́ orí ń sọ di olówó ńlá, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní 1951 ni Leo Fender, ọkùnrin tí kò mọ jìtá ta rárá, gbé Precision Bass jáde ní Fullerton, ní Kalifọ́níà. Jazz Bass tẹ̀lé e ní 1960. Nígbà tó di January 1965, CBS, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ra ilé iṣẹ́ Fender ní mílíọ̀nù 13 dọ́là. Kò pẹ́ tí àwọn olórin fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé àwọn oníṣirò owó ti gbàjọba lọ́wọ́ àwọn tó mọ igi í gbẹ́, pé jìtá ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Yálà òótọ́ ni wọ́n sọ tàbí wọ́n bù mọ́ ọn, ọjà gbà wọ́n gbọ́. Títí dòní, béèsì tí wọ́n ṣe kí CBS tó dé ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè padà lọ ṣe òmíràn ní 1962. Bí àwọn olówó tó ń wá a bá pọ̀ sí i, iye rẹ̀ tó wà láyé ò lè pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ta irú ìyẹn jèrè, mi ò bá a jiyàn.

Irú ìyẹn kọ́ ló ń bọ̀ ní èbúté Àpápá. Ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ wa jù lọ ni jìtá àwọn tí orin ti sú. Andy Mooney, nígbà tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ní Fender, sọ ọ́ ní gbangba pé nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá bẹ̀rẹ̀ jìtá kíkọ́, bí i mẹ́sàn-án ló ń pa á tì kí ọdún kan tó pé. Lẹ́yìn náà ni Kòrónà dé ní 2020, tí wọ́n sé àwọn èèyàn mọ́lé. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní òun ò tà tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ìlẹ̀kùn ṣí, oníkálukú padà sẹ́nu iṣẹ́, jìtá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra àlòkù, tàbí ilé ìtajà tí wọ́n ti ń fi ẹrù dógò láti yá owó. Àwọn èèyàn wa ní Houston àti ní London mọ ilé wọ̀nyẹn dáadáa. Wọ́n á rà á, wọ́n á dì í sínú aṣọ, wọ́n á tì í sínú ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí béèsì tókunbọ̀ tí irin ọrùn rẹ̀ ṣì ń dán, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ́kọ́ rà á máà tíì mọ orin kan parí lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọ ọjà. Ní Mushin tàbí ní Aláàbà, ìbéèrè tí oníṣòwò máa kọ́kọ́ bi yín lè má kan jìtá rárá: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ń rà á fún ni, àbí ara yín?” Ẹ fara balẹ̀ dáhùn. Ẹni tó ń ra ti ṣọ́ọ̀ṣì ń ná owó ìgbìmọ̀, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yọwó. Ẹni tó ń rà fún ara rẹ̀ á jókòó, á gbé béèsì sójú, á wo ọrùn rẹ̀ láti ìdí dé orí bóyá ó ti tẹ̀, nítorí okùn mẹ́rin tó nípọn ń fa igi náà tọ̀sán tòru, ọ̀rinrin òjò àti ọyẹ́ wa sì ń bá a fà á. Á tẹ okùn kọ̀ọ̀kan mọ́ irin kọ̀ọ̀kan, kó lè gbọ́ ibi tí ohùn ti ń gbọ̀n. Á yí bọ́tìnnì ohùn lọ sókè sódò. Bí ó bá ń ṣe kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìdọ̀tí ló wọnú rẹ̀, owó kékeré ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, àmọ́ ó tó gbólóhùn kan tí èèyàn lè fi já owó ọjà wálẹ̀. Bí ọrùn bá ti lọ́ ni kó dìde kó máa lọ. Èyí kò ní ẹ̀rọ̀ tó rọrùn.

Áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn béèsì sókè, tún yàtọ̀. Iná 120 ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, 230 sí 240 ni tiwa, bíi ti Gẹ̀ẹ́sì tó fi í sílẹ̀ fún wa. Áńpù tó ti London wá ò ní wàhálà kankan. Èyí tí wọ́n ṣe fún iná Amẹ́ríkà nìkan, bí wọ́n bá ki í bọ iná wa láìsí tíráńsífọ́mà, á fín lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Abájọ tí áńpù méjì tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà fi lè ní owó méjì lórí tábìlì kan, tí ẹni tí kò mọ̀dí á máa rò pé èyí tó rọjú ni oore. Ayédèrú náà wà níbẹ̀. Wọ́n á lẹ orúkọ Fender mọ́ orí béèsì tí Fender ò mọ̀ rí, wọ́n á tún fi nọ́ńbà sí i.

Ìṣirò tí mo ń bọ̀ wá ṣe rèé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní gbangba, dọ́là kan jẹ́ bí i náírà 750. Ọwọ́ wọn ni àwọn tó ń kó àlòkù wọlé ti ń rí dọ́là, kì í ṣe ní báńkì. Ní June ọdún yẹn, Báńkì Àpapọ̀ tú okùn tó so náírà mọ́lẹ̀, nígbà tó sì fi di 2024, dọ́là kan ti kọjá 1,500. Ká ní béèsì kan jẹ́ dọ́là 200 ní òkè òkun. Ká yọ owó ọkọ̀ kúrò, ká yọ èrè alágbàtà kúrò. Náírà 150,000 ni ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. 300,000 ni ní 2024. Ọmọkùnrin tó rà á ní 150,000 lò ó fún ọdún kan ààbọ̀, ó wá tà á ní 230,000. Ó ka owó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó jèrè 80,000, àbí? Ó dáa, kó lọ ra òmíràn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Owó ọwọ́ rẹ̀ ò tó fi kó irú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tà wọlé láti òkè òkun, ká má tiì sọ èyí tó dára jù ú lọ. Béèsì náà ò gbówó lórí rárá; ní dọ́là, ó ti dínwó bó ṣe yẹ kí àlòkù dínwó. Náírà ló kúrú.

A ti rí irú rẹ̀ rí. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ ní báńkì. Ní September 1986, ìjọba Babangida ju náírà sọ́jà, owó ohun èlò orin láti òkè òkun sì ń fò ju agbára ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin lọ. Láàárín ọdún díẹ̀, èèyàn kan pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù Yamaha ń ṣe iṣẹ́ oníbéèsì, onílù àti onífèrè lóde ìgbéyàwó. Wọ́n ní ìgbà ló yí, pé aráàlú ti fẹ́ nǹkan mìíràn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Èmi gbà pé owó ló lé wọn kúrò lórí ìtàgé. Mo sì máa ń rántí pé kí béèsì oníná tó gba ipò, agídìgbo ló ń di ìsàlẹ̀ orin mú nínú àwọn ẹgbẹ́ jùjú kan. Pákó àti irin pẹlẹbẹ ni agídìgbo, gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò ló ń ṣe é, dọ́là ò mọ ojú ọ̀nà ilé rẹ̀. Mi ò ní ká padà síbẹ̀ o. Mo kàn ń sọ pé ọjọ́ tí a gba béèsì la gba ìyọnu owó ilẹ̀ òkèèrè mọ́ ọn.

Kí ló dé tí olórin fi ń ta béèsì rẹ̀? Kì í ṣe pé iṣẹ́ sú u. Owó ilé ìwé ni, tàbí ìyá tó wà ní ọsibítù, tàbí onílé tó ti ti ilẹ̀kùn pa. Béèsì ni ohun kan ṣoṣo nínú yàrá tó lè di owó kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí oníṣòwò ò ní bèèrè ìwé kankan. Ọ̀pọ̀ olórin ò ní àkáǹtì ìpamọ́ mìíràn. Ọjọ́ tí wọ́n ń rà á, wọ́n gbà pé irinṣẹ́ ni. Ọjọ́ ìṣòro ni wọ́n ń mọ̀ pé òun náà ni báńkì wọn. Àgbẹ̀ tó ta ọkọ́ rẹ̀ ra iṣu ni mo fi wọ́n wé. Á jẹun lónìí, lọ́la á lọ dúró sí oko olóko.

Oko olóko yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ ń lọ. Láyé ọjọ́un, ọ̀gá ẹgbẹ́ ló sábà ń ni jìtá, áńpù àti sípíkà, ọmọ ẹgbẹ́ ni ọwọ́ àti etí. Bí èdè-àìyedè bá ṣẹlẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ á jáde lọ́wọ́ òfo, ọ̀gá á sì fi ẹlòmíràn dí àlàfo kí òde ọjọ́ Sátidé tó pé. Ẹni tó ni ohun èlò ló ń pín owó tí wọ́n bá ná wọn lójú agbo. Lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì ló bọ́ sípò ọ̀gá ẹgbẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníbéèsì ti kọ́ iṣẹ́, lórí béèsì ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò sì ní tara wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn, kò sí ilé ẹ̀kọ́ orin tí ìjọba dá sílẹ̀ tó ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí òde ọjọ́ Sátidé. Ó ní láti tọrọ béèsì, tàbí kó háyà rẹ̀, kó yọ owó háyà kúrò nínú owó iṣẹ́. Ẹni tó ní tirẹ̀ lè kọ iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré. Ẹni tí kò ní ò lè dúró jiyàn.

Òfin kan ti wà tó yẹ kó yanjú ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Láti 2017 ni wọ́n ti fọwọ́ sí òfin tó gba èèyàn láyè láti fi ohun ìní tó ṣeé gbé kiri dógò láti yá owó, Báńkì Àpapọ̀ sì ti ní ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń kọ irú ohun bẹ́ẹ̀ sí. Maṣín ìránṣọ wà nínú ohun tí òfin náà ń wí, ẹ̀rọ ìlọta wà níbẹ̀, n kò sì rí ìdí tí béèsì ò fi ní sí níbẹ̀. Bí oníbéèsì bá lè fi béèsì dógò fún oṣù mẹ́ta, kó sì máa lò ó lọ, kò ní tà á. Ṣùgbọ́n ta ni òṣìṣẹ́ báńkì máa bi pé èló ni béèsì yìí ń pa? Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Reverb, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Chicago ní 2013, ń jẹ́ kí ayé rí iye tí ohun èlò àlòkù tà gan-an, kì í ṣe iye tí ẹni tó ń tà á fẹ́. Etsy rà á ní mílíọ̀nù 275 dọ́là ní 2019, kó tó tún tà á ní 2025. N kò rò pé ẹni tó san irú owó yẹn kò mọ ohun tó ń rà: ibi tí gbogbo ayé ti lè mọ iye nǹkan, owó ni ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nọ́ńbà ara jìtá, tàbí àmì mìíràn tí a fi lè dá a mọ̀, náà ṣe pàtàkì, kí a má baà fi ẹrù olè dógò. Béèsì Höfner tí Paul McCartney rà ní Hamburg ní 1961 ní nǹkan bí i 30 pọ́ọ̀n, tí wọ́n jí ní London ní 1972, padà dé ọwọ́ rẹ̀. 2024 ni ayé gbọ́. Wọ́n dá a mọ̀ ni. Ti James Jamerson, ìlú-mọ̀ọ́ká oníbéèsì Motown, tí wọ́n jí nígbà tó kù díẹ̀ kó kú ní 1983, kò tíì fojú hàn títí di báyìí.

Ta ni kó wá kọ iye ọjà sílẹ̀ fún wa? Àwọn oníṣòwò Mushin mọ̀ ọ́n sórí, ṣùgbọ́n èrè wọn wà nínú pé olùrà ò mọ̀ ọ́n, n kò sì lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn pa oúnjẹ ara wọn. PMAN, ẹgbẹ́ àwọn olórin, lè ṣe é bí ìjà àárín wọn bá fún wọn láyè. Ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ni ojú mi wà jù. Àwọn ló ń ra ohun èlò yìí lọ́dọọdún, wọ́n ní akápò, wọ́n ní ìwé ìnáwó, iye tí wọ́n ra béèsì lọ́dún tó kọjá àti iye tí wọ́n ta èyí tó gbó wà níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Kí irú ìjọ mẹ́ta péré kó ojú ewé wọ̀nyẹn síta, òṣìṣẹ́ báńkì á ti rí ohun tó máa wò. Ìyẹn bí àwọn alákòóso bá fẹ́ kí oníbéèsì wọn ní béèsì tirẹ̀.