Ohun tí Ooru Ń Ṣe Nínú Táyà àti Sílíńdà

Láti oṣù February títí tí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé, oòrùn ilẹ̀ Ìgbómìnà kì í bá èèyàn ṣàwàdà. Ẹni tó bá ń ná ọ̀nà Ìlọrin sí Ṣàrẹ́, tó tún ń gba ibẹ̀ kọjá sí Tsaragi àti Láfíàgí, mọ bí ọ̀dà títì ṣe máa ń gbóná tó ní agogo méjì ọ̀sán. Irú àkókò yìí ni awakọ̀ tó kó iṣu tàbí tó gbé èrò máa ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tí yóò fi ẹsẹ̀ gbá táyà, tí yóò ní ó ti le jù, tí yóò sì wá ìṣó tẹ fáàfù rẹ̀. Atẹ́gùn á dún ṣííì, á máa jáde. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé òun ti gba táyà lọ́wọ́ bíbẹ́. Irọ́ ni. Ohun tó ń sá fún gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pè.

Ohun mẹ́ta ló ń darí atẹ́gùn tàbí gáàsì tí a bá dé mọ́ inú nǹkan: àyè tó ní, ooru tó mú un, àti ipá tó fi ń ti ara ohun tó há a mọ́. Bí ọ̀kan bá yí, òmíràn kò ní dúró bó ṣe wà. Ẹ lè fi pọ́ọ̀mpù kẹ̀kẹ́ wò ó. Ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ẹ sì máa ti ọ̀pá rẹ̀ wọlé. Bí àyè inú rẹ̀ ṣe ń dínkù ni atẹ́gùn á máa ti àtàǹpàkò yín, títí ọwọ́ kò fi ní lè dá a dúró mọ́. Robert Boyle, ọmọ ilẹ̀ Ireland, kọ òfin yìí sílẹ̀ ní 1662: bí àyè bá dín sí ìdajì, tí ooru kò yí padà, ipá á di ìlọ́po méjì. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí àwọn ọmọ Faransé méjì tó fi ti ooru kún un. Jacques Charles rí i pé gáàsì tó bá gbóná máa ń fẹ̀ sí i, Joseph Louis Gay-Lussac sì tẹ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní 1802. Bí kò bá wá ráyè fẹ̀ ńkọ́, bíi ti inú táyà àti sílíńdà? Ipá rẹ̀ ni yóò máa gòkè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí mo ti rí i pé ìṣirò máa ń yí awakọ̀ lọ́kàn padà ju ìwàásù lọ. Géèjì kì í ka ipá afẹ́fẹ́ ayé tó ń tẹ gbogbo wa, bẹ́ẹ̀ òun náà tó nǹkan bí 15 psi, ìyẹn ìwọ̀n tí géèjì táyà ń lò. Bákan náà, ibi tí omi ti ń dì kọ́ la ti ń ka ooru fún irú ìṣirò yìí. Ìsàlẹ̀ pátápátá, ní 273 sẹ́yìn òdo, la ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, 27°C jẹ́ 300. Ó dáa. Fọ́gánáísà fẹ́ táyà sí 30 ní ìdájí, nígbà tí ooru wà ní 27°C. Bí a bá fi ti afẹ́fẹ́ ayé kún un, ó di 45. Nígbà tó di ọ̀sán, eré àti ọ̀dà gbígbóná gbé ooru inú táyà dé 60°C, ìyẹn 333. Ẹ fi 333 sọ 45 di púpọ̀, kí ẹ fi 300 pín in: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 50. Ẹ yọ 15 kúrò, géèjì á ka 35. Kò sí ẹni tó fẹ́ atẹ́gùn kankan kún un o. Ooru nìkan ló ṣe é.

Àwọn tó ń ṣe táyà mọ̀ pé èyí á ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ti fi àyè sílẹ̀ fún un. Ìwọ̀n tí a lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, ti táyà tútù ni. Awakọ̀ tó bá tú u padà sí 30 lọ́sàn-án gangan, bí ilẹ̀ bá mọ́ tí táyà tutù, nǹkan bí 25 àti ààbọ̀ ni yóò bá níbẹ̀. Ẹrù iṣu á tún gorí rẹ̀. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ká, á máa nà ní gbogbo ìgbà tó bá ń yí, ìyẹn á sì máa dá ooru tirẹ̀ sílẹ̀ láti inú, títí rọ́bà àti okùn inú rẹ̀ á fi máa ṣí kúrò lára wọn. Orí eré ló sì máa ń bẹ́, kì í ṣe ní gáréèjì.

Nítorí náà, àárọ̀ ni kí ẹ máa wọn táyà, kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí ẹ bá rí 35 lọ́sàn-án lára èyí tí ẹ fẹ́ sí 30, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ara bá ń fu yín, ẹ wá ibòji igi kí ẹ sinmi. Nígbà ọyẹ́, ẹ túbọ̀ máa wò ó, torí bí ooru bá lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 6°C, ẹyọ kan á kúrò nínú ohun tí géèjì ń kà. Ti táyà tó ti gbó kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti ní kí a má lo táyà kọjá ọdún mẹ́rin láti ìgbà tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 1223 lára rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n ṣe é.

Ti sílíńdà tún le ju ti táyà lọ, nítorí wọ́n ti fún gáàsì ìdáná pọ̀ títí tó fi di olómi. Ẹ mì í díẹ̀, ẹ ó gbọ́ tó ń dún. Ìsàlẹ̀ ni olómi yẹn wà. Gáàsì tó ń lọ sídìí iná wà lókè rẹ̀. Lítà kan rẹ̀, bó bá jáde, á di nǹkan bí 250 lítà gáàsì. Ipá inú sílíńdà kì í sì tẹ̀ lé bí ohun inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ooru ló ń tẹ̀ lé. Èyí tó kún àti èyí tó kù díẹ̀ kó tán, bí ooru wọn bá dọ́gba, ipá wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ìdí nìyí tí iná fi máa ń rẹlẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́, tí àwọn kan á wá da omi gbígbóná sí sílíńdà lára tàbí kí wọ́n gbé e sínú bàsíà omi híhó. Iná á ru sókè lóòótọ́; ohun tó ń tàn wọ́n jẹ nìyẹn. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kò fi gáàsì kankan kún un. Ipá tó ń ti irin, fáàfù àti họ́ọ̀sì lẹ fi kún. Ẹni tó fi sílíńdà sínú búùtù ọkọ̀ tó páàkì sínú oòrùn, ohun kan náà ló ń ṣe. Ibòji ni kí ó máa wà, ní òòró, jìnnà sí iná.

Èyí tó burú jù ni ènì. Ní ọjà, ènì dára, kò sẹ́ni tí kò fẹ́ ẹ. Ní ilé gáàsì, ewu ni. A kì í rọ sílíńdà kọjá ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, nítorí olómi náà máa ń wú bó bá gbóná. Gáàsì ṣeé fún pọ̀, olómi kò ṣeé fún pọ̀. Bí kò bá wá sí àyè lókè mọ́, ooru díẹ̀ báyìí tó láti gbé ipá inú rẹ̀ dé ibi tí irin kò lè gbà. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jáde, ilẹ̀ ló máa ń rìn, á máa wá iná kiri. Ní Bàrúwà, lágbègbè Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, ní ọjọ́ 8 oṣù October 2020, iná ilé gáàsì gba ẹ̀mí, ó sì jó ilé àwọn tí kò ra gáàsì kankan.

Ẹ máa dúró ti òṣùwọ̀n bí wọ́n bá ń rọ tiyín. Ìwọ̀n òfìfo sílíńdà wà lára irin ọrùn rẹ̀. Bí ẹ bá ń ra 12.5 kílò, ẹ fi kún ti òfìfo yẹn, bí òṣùwọ̀n bá sì ti dé ibẹ̀, ẹ ní kí wọ́n pa á. Ẹ sanwó yín, ẹ má bèèrè ènì.